Èmi Ni Mo Ń Ṣe Ọ̀dàlẹ̀ Fún Wọn

Ìgbà mọ́kànlá ni mo ti kú ní ìlú Adó-Èkìtì yìí, ìgbà mọ́kànlá náà ni mo sì ti dìde, tí mo lọ sílé lọ jẹun ọ̀sán. Okùn ni mo fi ń kú. Mo mọ ikú kú débi pé ní ọdún kẹrin, igún méjì fò wá láti ọ̀nà Ìjàn, wọ́n bà sórí ẹ̀ka igi tí mo so rọ̀ sí, wọ́n wo ojú mi dáadáa, akọ wá sọ fún abo pé, "Èyí ti kú jù, jẹ́ ká máa lọ." Wọ́n sì lọ. Bí ẹnì kan bá wà láàárín Adó àti Ìgbẹ́mọ tó ní òun kú jù mí lọ, kí ó jáde wá, kí a jọ so okùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Káfíńtà ni mí. Mo ka ìwé dé ibi tí ìwé ti rẹ̀ mí, ibẹ̀ kò sì jìnnà. N kò gba nǹkan kan gbọ́. N kò gba ti ṣọ́ọ̀ṣì, n kò gba ti mọ́ṣáláṣí, òrìṣà tí bàbá bàbá mi ń bọ náà, n kò bá a jà, n kò sì kí i. Kì í ṣe ìbínú, kò sì sí ẹni tó ṣẹ̀ mí. Nígbà tí a wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà wa sọ pé ọmọ tó bá lajú nígbà àdúrà, ojú rẹ̀ yóò fọ́. Mo ro ọ̀rọ̀ yìí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin mo la ojú kan, mo di ìkejì, kí n lè rí ọ̀kan lò bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́. Ohun tí mo rí ni tíṣà fúnra rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ojú tí mo là lọ́jọ́ náà ni mo fi ń wọn pákó títí di òní.

Ní Adó, ènìyàn lè jẹ́ ohunkóhun tó bá wù ú, ohun tí kò lè ṣe ni kí ó sọ pé òun kò jẹ́ nǹkan kan. Bí mo bá gun ọ̀kadà láti Ọjà Ọba, kí a tó rìn jìnnà, ọlọ́kadà yóò ti bi mí pé, "Bàbá, ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ̀ ń lọ?" Bí mo bá ní n kì í lọ, yóò ní, "Ẹ̀yin Mùsùlùmí náà ń gbìyànjú." Bí mo bá ní n kì í ṣe Mùsùlùmí, yóò rọra dẹ eré, yóò ní, "Ẹ̀yin bàbá oníṣẹ̀ṣe nìyẹn." Bí mo bá ní ìyẹn náà kọ́, yóò wá máa sáré kí ó lè tètè sọ̀ mí kalẹ̀.

Síbẹ̀, ọdún kì í fo ilé mi. Onígbàgbọ́ ní ọdún tirẹ̀, Mùsùlùmí ní tirẹ̀, èmi ni gbogbo rẹ̀ ń bá. Bí Iléyá bá dé, aládùúgbò wa apá òsì á gbé itan àgbò wá. Bí Kérésìmesì bá dé, abọ́ ìrẹsì onídèérí ni yóò máa tẹ̀ lé ara wọn wọlé bí ẹni tò sórí ìlà. Wọ́n á ní, "Bàbá, ọdún á yabo." Èmi náà á ṣe àmín, pẹ̀lú ẹran lẹ́nu. Kò sí ẹni tó bi ikùn mi léèrè ohun tó gbà gbọ́ rí.

Ìyàwó mi ni onígbàgbọ́ ilé wa. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé, "Tèmi tó mi, ó tó yín, mo ń bá yín gbé tiyín dání." Kò sí ọdún tí kò sí nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá láti ìgbà tí mo ti gbé e níyàwó. Òun ló ń gbá iwájú pẹpẹ, òun ló ń fọ aṣọ orí tábìlì, òun ló sì máa ń mú orin dúró bí àwọn ọmọ akọrin bá ṣì í gbé.

Báyìí ni mo ṣe di Ọ̀dàlẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì Rere, ṣọ́ọ̀ṣì ìyàwó mi máa ń ṣe eré ikú Olúwa wọn lábẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà. Gbogbo ènìyàn ló máa ń fẹ́ kópa. Àpọ́sítélì tó sẹ́ Olúwa rẹ̀, wọ́n ń du ú. Ẹni tí yóò kọ bí àkùkọ gan-an, ọkùnrin mẹ́ta tó ti ní ọmọ ọmọ ló ń bá ara wọn jà sí i. Ṣùgbọ́n èyí tó ta Olúwa rẹ̀ tó sì lọ pokùn so, kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ. Wọn kì í tilẹ̀ fẹ́ fi ẹnu pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta tòmátì ní Ọjà Ọba gbà á ṣe nígbà kan. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tòmátì rẹ̀ jẹrà. Tòmátì sì rèé, kí ló tún ń ṣe ju ìyẹn lọ? Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sá lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Aládùúrà, wọ́n fi omi wẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kí Ọ̀dàlẹ̀ lè jáde lára rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òṣìṣẹ́ ìjọba kan gbà. Ó wọ aṣọ gbọ̀ọ̀rọ̀ tí Ọ̀dàlẹ̀ ń wọ̀, ó ń fi dánra wò, ni ìyàwó rẹ̀ bá wọlé. Obìnrin náà kò pariwo. Ó bọ́ aṣọ náà lọ́rùn ọkọ rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e fún Tíṣà Àgbà tó ń darí eré.

"Ọkọ mi ń retí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, sà," ó wí. "Ẹ wá ẹlòmíràn tí kò retí nǹkan kan."

Tíṣà Àgbà yìí, ẹgbẹ́ mi ni. A jọ bẹ̀rẹ̀ iléèwé ni, ibi tí mo dúró sí ni òun ti ń bá a lọ títí ó fi di tíṣà, tó sì fẹ̀yìn tì. Ó di aṣọ mú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, olúkúlùkù sì ń wo ilẹ̀. Ni ó bá gbójú sókè, ó rí mi lórí àkàbà níbi tí mo ti ń kan àjà gbọ̀ngàn ìpàdé wọn.

"Ìwọ tí o wà lókè yẹn, kí lò ń retí?"

"Oúnjẹ ọ̀sán."

"O gba nǹkan kan gbọ́ báyìí?"

"Mo gbà pé ìṣó yìí kò gùn tó."

"Nígbà náà, kò sí ohun tó lè ṣe ọ́. Sọ̀kalẹ̀."

Mo sọ̀kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kú fún wọn. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: mo wọ bẹ́líìtì awọ gbígbòòrò sábẹ́ apá, mo fi aṣọ bò ó, ìkọ́ irin wà lẹ́yìn rẹ̀. Okùn tí ayé ń wò lọ́rùn mi, ọ̀ṣọ́ lásán ni. N ó yọ ojú síta, n ó yọ ahọ́n, n ó máa fì. Àwọn yòókù ti ń gbààwẹ̀ láti òwúrọ̀, ebi ti sọ wọ́n di ẹni tó ń wólẹ̀ kí a tó tì wọ́n. Èmi ti jẹ uyán tí ìyàwó mi gún kí n tó wá. Nínú àwọn àpọ́sítélì méjèèjìlá, èmi nìkan ni mo lágbára láti gun igi.

Ìyà rẹ̀ kò sí nínú ikú, ọjà ló wà. Bí mo bá wọ Ọjà Ọba lẹ́yìn Àjíǹde, àwọn obìnrin á bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ di àpò yín mú o, ọ̀rẹ́ Olúwa ti dé."

"Bàbá, ta ni ẹ tún fẹ́ tà lónìí?" Alálùbọ́sà nìyẹn.

"Ìwọ ni mo gbé káàkiri láàárọ̀, n kò rí ẹni tó rà."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì bù sí i fún mi. Fún èmi, ẹ̀fẹ̀ ni. Ìyàwó mi ni kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ fún. Ìyàwó Ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń gbọ́. Ó ń fọ aṣọ Ọ̀dàlẹ̀ fún mi lọ́dọọdún, ó sì ń lọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ wá di ọ̀rọ̀ lọ́dún tó kọjá. Ipò Ìyá Ìjọ ṣófo, ọjọ́ Àjíǹde ni wọ́n fẹ́ fi ẹlòmíràn jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìyàwó mi ló kàn. Òun náà mọ̀. Ó ti ra léèsì funfun kan tipẹ́, ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí pẹ̀lú káńfọ̀, bí ó bá rò pé mo ti sùn lọ́sàn-án, ó máa ń lọ ṣí àpótí náà wò. Òórùn káńfọ̀ ló máa ń jí mi. N kò jẹ́ kí ó mọ̀.

Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Alùfáà wá sí ilé wa. Ọmọdé ni, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì pé, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀wọ̀. Ó jókòó, ó jẹ ẹ̀wà tí ìyàwó mi gbé fún un tán, ó wá ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn àgbà ìjọ ní kí n wá. Wọ́n ní obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì kò lè ṣe ìyá fún ìjọ. Mo bá yín bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní bí ẹ bá lè bá Màmá jáde síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Àjíǹde, kí ẹ sì ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ sókè pẹ̀lú ìjọ, ó tán."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Kò gùn, Bàbá. Ẹnu lásán ni."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹnu lásán ni, Alùfáà, kì í ṣe èmi."

Ó rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í díẹ̀. Ó ní, "Bí kò bá ṣeé ṣe, wọ́n ní ẹlòmíràn lọ́kàn."

Nígbà tó lọ tán, mo rò pé ìyàwó mi yóò bẹ̀ mí. Kò bẹ̀ mí. Ó kó abọ́, ó ní, "N kò ní bẹ̀ yín, Bàbá wọn. Bí mo bá bẹ̀ yín tí ẹ ṣe é, ẹ ó máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí n ó fi kú." Ó wọ inú ilé ìdáná lọ. Uyán tó gún lọ́jọ́ náà, ọmọ odó ń dún dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti mọ̀ mí ní báyìí. N kì í bẹ̀rù irọ́. Mo ti sọ fún ènìyàn ní Ìgbẹ́mọ rí pé èmi ni mo kọ́ ìrẹsì wọn bí ó ṣe ń hù nínú omi. Mo ti sọ fún ọlọ́pàá ojú ọ̀nà pé àpótí òkú tí mo gbé sínú ọkọ̀, tèmi ni, pé mo ń lọ wọ̀ ọ́ wò. Ṣùgbọ́n irọ́ kékeré tí Alùfáà gbé wá yìí, mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́yìn ilé níbi tí ènìyàn kò sí, kò jáde. Mo wá rí ìdí rẹ̀. Irọ́ tèmi, kò sí ẹni tó ń gbà á gbọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn. Èyí, gbogbo wọn ni yóò gbà á gbọ́. Ìyàwó mi náà lè gbà á gbọ́, ó lè máa yọ̀ ní ọkàn rẹ̀ pé ọkọ òun ti yí padà, èmi ni n ó sì máa jẹ uyán rẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìyẹn lẹ́nu.

Ọjọ́ Ẹtì Rere pé. Mo kú gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń kú. Mo ń fì lórí igi, wọ́n gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya mí. Lẹ́yìn náà, eré sún lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo èrò tẹ̀ lé e, wọ́n fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, òkú Ọ̀dàlẹ̀ kì í ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àwọn ìyá mẹ́ta tí oòrùn ti mú wá jókòó sábẹ́ òjìji igi náà, ìyàwó mi wà láàárín wọn. Wọn kò rántí pé mo wà lókè. Ẹni tó bá ti kú, ènìyàn á gbàgbé pé ó ní etí.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọkọ yìí ni ìṣòro rẹ. Ó yẹ kí o ti kó ẹrù rẹ kúrò níbẹ̀ tipẹ́."

Èkejì ní, "Àbí. Kèfèrí pọ́ńbélé."

Ìyàwó mi kọjú sí ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ní, "Ọkọ tìrẹ ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, àbí?"

"Kì í pa ọjọ́ ìsinmi jẹ."

"Bí ìsìn bá parí, ó ń dúró dè ọ́?"

Ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè rẹ̀ wé.

"Tèmi kì í wọlé," ìyàwó mi ní. "Ṣùgbọ́n bí òjò ń rọ̀, bí oòrùn ń mú, bí mo bá jáde, ẹnu géètì ni mo ń bá a pẹ̀lú agbòòrùn. Ìwàásù tí ó bá gùn, ó ti gbọ́ ọ ní ìdúró. Ẹ jẹ́ kí n gbádùn òjìji mi."

Èmi tí mo wà lókè, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. N ó ti rọra sunkún bí òkú ọmọlúwàbí, ṣùgbọ́n tanpẹ́pẹ́ ti rí ọ̀nà gba inú bẹ́líìtì mi wọlé. Ọ̀kan ta mí ní ìhà. Mo fara dà á. Ìkejì wọ ibi tí n kò lè kọ sínú ìwé. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tapá sókè, mo ní, "Ẹ gbà mí o," ìkọ́ yọ, mo sì bọ́ sílẹ̀ sí àárín àwọn ìyá mẹ́ta.

Méjì nínú wọn sá. Ọ̀kan fi bàtà sílẹ̀, ó ń pe Jésù. Ìyàwó mi kò kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ó wò mí nílẹ̀ níbi tí mo ti ń bọ́ aṣọ, ó ní, "Bàbá wọn, Olúwa gan-an kò tíì jíǹde, ẹ̀yin ti jí."

Ó bá mi gbọn tanpẹ́pẹ́ kúrò lẹ́yìn. Ìgbà tó ń gbọn ọ́n ni mo sọ fún un pé n ó tẹ̀ lé e lọ́jọ́ Àjíǹde.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ẹ ó ka Ìjẹ́wọ́ náà?"

"N ó dúró tì ọ́."

Kò tún béèrè. Ní ọjọ́ kejì ó lọ agbádá mi, ó sì yọ léèsì funfun náà sí afẹ́fẹ́ kí òórùn káńfọ̀ lè lọ.

Ọjọ́ Àjíǹde, a wọlé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àwọn tó rí mi ń fi ìgúnpá gún ara wọn. Nígbà tó tó àkókò, Alùfáà pe ìyàwó mi síwájú, mo tẹ̀ lé e, a dúró níwájú pẹpẹ. Ìjọ dìde fún Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní kí wọ́n dúró. Mo kọjú sí gbogbo wọn, mo ní, "Èmi kò mọ Ọlọ́run yín, n kò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Obìnrin yìí ni mo mọ̀. Òun ni mo gbà gbọ́, láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tí òun gbà gbọ́ bá fi ìdajì jọ ọ́, ó ti tó." Lẹ́yìn náà Tíṣà Àgbà bú sẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn, gbogbo wọn gbà á, Alùfáà fà mí lọ́wọ́, ó gbé okùn oyè sọ́rùn ìyàwó mi, agogo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

A dúró níwájú pẹpẹ lóòótọ́. Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka Ìjẹ́wọ́. Ìyàwó mi ń ka tirẹ̀, ó ń wo iwájú. Èmi pa ẹnu dé. N kò tilẹ̀ mi ètè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn nìkan ni ìbá tó, nítorí ariwo ìjọ pọ̀. Alùfáà wò mí títí wọ́n fi kà á tán. Mo rí i pé ó ń bẹ̀ mí pẹ̀lú ojú. N kò mọ bí mo ṣe lè fi ojú tọrọ àforíjì. Ó kí wa, ó ní kí a padà lọ jókòó. Nígbà tó yá, ó pe ìyá mìíràn, ìyàwó ọ̀gá kan lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì fi ìyẹn joyè. Ìyàwó mi dìde nínú léèsì funfun rẹ̀, ó jó fún obìnrin náà dé ìdí pẹpẹ.

A ti rìn jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹnu yín kò tiẹ̀ mì."

"Kò mì."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń parọ́ fún ológbò."

"Ológbò kì í gbà mí gbọ́."

Ó rìn díẹ̀. "Ó dùn mí, Bàbá wọn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ má sọ pé ẹ mọ̀. Ẹ gbé báàgì yìí."

Mo gbà á. Títí di òní, kò tíì sọ bóyá òun dárí jì mí, èmi náà kò sì béèrè.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú ìjọ, ẹ̀rín Tíṣà Àgbà, okùn oyè àti agogo, irọ́ ni gbogbo rẹ̀, èmi ni mo hun ún. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, ìyàwó mi kò sì joyè. Mo fi í síbẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ kí ó joyè náà níbì kan, bí kò tilẹ̀ ju ìlà mélòó kan lórí ìwé lọ.